Ìgò Tí Ó Ní Kí N Má Ṣí

Ẹ má gún ewé míǹtì lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gún un, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáde nínú ilé, torí màá bá yín jà, ìjà náà kò sì ní kéré. Ọkọ mi ló fi èyí sí mi lára. "Ṣé ẹ̀fọ́ ni?" ló máa ń bi mí. "Ọmọ odó ni kó o gbé lé e, kó o kàn tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Bó o bá gún un, yóò korò bí ewúro." Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ náà, kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Èmi á ní kó máa ṣe é lọ, ṣebí òun ni ọ̀gá ọlọ́tí, kí èmi olùkọ́ lásán lọ jókòó. Yóò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú nígbà náà. Ní báyìí, kò sí ohun tí mi ò lè fi sílẹ̀ kí n tún lè gbọ́ ọ.

Ikogosi là ń gbé. Ilé ìtura kan ló ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń ti ìlú ńlá wá ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kí wọ́n ki èkejì bọ tútù, kí wọ́n sì máa pariwo bí ọmọdé. Òun ló ń po ọtí fún wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tó ń fi róòmù, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà àti ewé míǹtì ṣe. Ó ní orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́, àmọ́ nínú ilé wa, ọtí ewé súìtì là ń pè é, torí àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń wá já ewé náà jẹ ní òórùn rẹ̀ dà bíi súìtì tí wọ́n ń lá nígbà tí òtútù bá mú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbìn ín sẹ́yìn ilé, létí ibi tí omi ìwẹ̀ ti ń ṣàn jáde. Ewé náà fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Ẹ̀ka kékeré kan ló rì mọ́lẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gba gbogbo ibẹ̀, mo sì ń bá a jà pé kò jẹ́ kí n ríbi gbin ata.

Bó ṣe ń ṣe é yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Omi méjèèjì la máa ń lọ pọn, kẹ́ẹ̀gì kan fún gbígbóná, kẹ́ẹ̀gì kan fún tútù. Inú omi gbígbóná ló ń yọ́ ṣúgà sí. Kò gbà kí n gbé omi kaná lórí sítóòfù. Ó ní Ọlọ́run ti bá wa gbé omi kaná, kí ló dé tí mo fẹ́ máa fi gáàsì ṣòfò? Lẹ́yìn náà, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ yí ọsàn wẹ́wẹ́ lórí tábìlì títí yóò fi rọ̀ kó tó là á. Kì í fún un dé ìdí èèpo, torí ibẹ̀ ni ìkorò wà. Omi tútù ló kàn, róòmù ló ń kẹ́yìn. Ti pé kéèyàn tọ́jú rẹ̀ ló wá le jù. Ewé náà kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ìgò. Kó kàn wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí òórùn rẹ̀ lè wọnú ọtí, yóò sì fi asẹ́ yọ ọ́, yóò dé ìgò padà, ó tún di inú fírísà. Róòmù kì í jẹ́ kó dì gbagidi. Ó ní bí a bá gbàgbé ewé síbẹ̀, yóò dúdú, ọtí náà yóò dúdú, yóò wá máa rùn bíi koríko tó ti rà. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ mu ún la máa ń já ewé tútù mìíràn sí i.

Nígbà gbogbo tí ilé ìwé wa bá ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi, yóò ṣe ìgò kan fún mi. Yóò ní, "Olùkọ́ ti jìyà tó, ó yá, wá gba owó oṣù rẹ." A óò gbé àga sẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé tó gba ilẹ̀ ata mi, a óò máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Òun yóò máa sín àwọn àlejò rẹ̀ jẹ, èmi yóò máa sín ọ̀gá ilé ìwé wa jẹ, a óò rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn wá. A kò bímọ. A ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, a ti gbàdúrà, a ti lọ rí dókítà, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú wa. Ní irú ìrọ̀lẹ́ yẹn, n kì í rántí rẹ̀ rárá.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí náà, ilé ìwé ń palẹ̀ mọ́. Ó jí, ó ṣe ọtí mi, ó rọ ọ́ sínú ìgò ńlá kan tó ní ìdérí onírin, ó ju ewé sí i. Ó fẹ́ sáré dé Ẹ̀fọ̀n lọ ra nǹkan fún ibi iṣẹ́. Ó gbé ìgò náà sí ìsàlẹ̀ fírísà, ó sì na ìka sí mi. "Má ṣí i o. Mo mọ̀ ọ́, olójúkòkòrò. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, màá yọ ewé inú rẹ̀, a ó wá jọ mu ún." Mo ní kó máa lọ jàre, ta ló fẹ́ mu ọtí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Ọkọ̀ tó kó pákó ni búrékì rẹ̀ já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. Orí ọ̀kadà ni ọkọ mi wà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa bí ọmọ bá ṣáájú ìyá. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí òkú, wọn kì í jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Ikogosi la sin ọkọ mi sí. Ìyá rẹ̀ wà ní Aramoko, àwọn ẹbí yí i ká, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Kò rí pósí, kò rí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló gbọ́. Díákónẹ́ẹ̀sì ni Ìyá, obìnrin tó le bí okùn. Bí èèyàn bá bi í níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, á ní ilé ìtura, á sì yára béèrè àlàáfíà ilé onítọ̀hún kó má baà bi í ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn ìsìnkú, ó jókòó gbagidi lórí àga, ojú rẹ̀ gbẹ. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún tí òun ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

Àwọn ẹbí wá kó ẹrù rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Aṣọ lọ, bàtà lọ, rédíò kékeré tó fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù náà lọ. Mi ò bá wọn jà, agbára kò sí lára mi. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ìgò tó wà nísàlẹ̀ fírísà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ewé ṣì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dúdú, torí mo ń rí i nígbà gbogbo tí mo bá ṣí fírísà. Ṣùgbọ́n ó ní òun lòun máa yọ ọ́. Ta ni mí tí mo fẹ́ yọ ọ́? Ẹni tó bá gbọ́ yóò ní orí mi ti ń yí. Bóyá ó ń yí lóòótọ́. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé ọjọ́ tí mo bá ṣí ìgò yẹn ni mo gbà pé kò ní dé mọ́, mi ò sì tíì ṣetán láti gbà.

Ìgbà tó yá ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù. Iná lọ, kò dé. Lónìí wọ́n á ní ó di ọ̀la, lọ́la wọ́n á tún ní ó di ọ̀la. Omi ń ṣàn lábẹ́ fírísà dé àárín pálọ̀. Ẹja tó wà níbẹ̀ rà, mo dà á nù, kò dùn mí rárá. Ìgò yẹn ni mò ń gbé kiri, láti inú bàsíà omi kan bọ́ sí òmíràn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ pọn omi tútù láti fi rẹ ẹ́. Àwọn tó ń rí mi lójú omi rò pé aṣọ ni mo fẹ́ fọ̀, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Títí mo fi rí ìfófòó tó ń yọ lọ́rùn ìgò náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Yéè! Ọkàn mi já. Iná wà ní Aramoko nígbà yẹn, Ìyá sì ní fíríìjì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un. Mo fi táwẹ̀lì tútù wé ìgò náà, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ, ó di Aramoko.

"Ìyàwó mi, ulé ńkọ́?" Ìyá ló kí mi bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí mi ti ìhà Ọ̀ṣun wá tajà sí Ekiti, ilé ni èmi ń sọ, kì í ṣe ulé, ó sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Lọ́jọ́ yẹn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń fọwọ́ ti ògiri rìn. Mo gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún díákónẹ́ẹ̀sì pé ọtí ni? Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì. Ọmọ yín ló ṣe é kó tó lọ. Ewé àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀." Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo omi dúdú àti ewé dúdú inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Uṣẹ́ ọmọ mi," ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo padà sílé, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìgbà tí wọ́n fi máa tún tiransifọ́mà wa ṣe, ìsinmi mìíràn ti ń wọlé bọ̀. Bí iná ṣe dé ni mo ti wọkọ̀ Aramoko. Mo kí Ìyá tán, mi ò tíì jókòó, mo ṣí fíríìjì. Ìgò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó kù kò ju kó bo ewé ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

"Ìyá! Ta ló mu ún?"

"Èmi ni o!" Ẹ ò rí bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan bí mo bá fẹ́ sùn. Wo ẹsẹ̀ mi!" Ó na ẹsẹ̀ síwájú. Wíwú rẹ̀ ti lọ. "Ìgbà tó wá sí ulé kẹ́yìn ni mo fi ẹsẹ̀ yìí hàn án. Ó ní, 'Ìyá, màá wá nǹkan ṣe sí i.' Mi ò mọ̀ pé ó ti ṣe é. Ó po àgbo dè mí kó tó lọ, ìyàwó mi. Ọmọ mi kò gbàgbé mi."

Àgbo. Ewé, ọsàn wẹ́wẹ́, omi tó dúdú nínú ìgò, kí lẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa ìbá tún pè é? Ṣé èmi náà kọ́ ni mo sọ pé ewé ló wà níbẹ̀?

Orí mi gbóná. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ló ṣe é fún, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín, ọtí ni, ọtí lẹ ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, díákónẹ́ẹ̀sì! Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Inú bí mi sí obìnrin yìí. Inú bí mi sí ọkọ mi pàápàá, tó ní kí n má ṣí i, tí kò wá padà wá ṣí i. Ṣùgbọ́n Ìyá ṣì na ẹsẹ̀ síta, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, kí n lè rí i dáadáa. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, mi ò tíì rí eyín rẹ̀ àfi ọjọ́ yẹn. Mo ti ilẹ̀kùn fíríìjì. Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ìyá."

"Ó kù díẹ̀ kó tán," ó ní. "Ṣé ó kọ́ ọ bó ṣe ń po ó? Bá mi po òmíràn."

Mo sunkún láti Aramoko dé Ikogosi. Awakọ̀ ní kí n ṣe sùúrù, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe mí. Ó dùn mí wọ egungun pé Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún tán lẹ́yìn mi, pé mi ò fi ahọ́n kan èyí tí ọkọ mi ṣe fún mi kẹ́yìn. Mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè gba èyí tó kù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kó dá àgbo ọmọ rẹ̀ padà?

Mo ṣe é. Mo pọn omi méjèèjì. Ẹni tó rọ́pò ọkọ mi níbi iṣẹ́ fún mi ní róòmù, kò lè wò mí lójú. Mo yọ́ ṣúgà, mo yí ọsàn wẹ́wẹ́ lórí tábìlì títí ó fi rọ̀, mi ò fún un dé ìdí èèpo. Mo já ewé lẹ́yìn ilé, mo gbé ọmọ odó lé e, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mo wá dúró. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mò ń retí kó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó gbà á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo fi asẹ́ yọ ewé náà bó ṣe yẹ, ọtí náà sì mọ́ rekete. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Mo gbé e lọ fún Ìyá. Ó bu ṣíbí kan, ó fi sẹ́nu, ó pẹ́ kó tó gbé e mì. Ó wá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Ó tilẹ̀ dùn ju tàtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe uṣẹ́ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀." Ó ń wo ilẹ̀. "Wọn ò jẹ́ kí n rí i, ìyàwó mi. Wọ́n ní kò yẹ kí n rí i. Mo wá ń sọ nínú ara mi pé bóyá irọ́ ni wọ́n ń pa. Bí mo bá ti mu ṣíbí kan, á dà bíi pé ó wà níbì kan tó ń po ó lọ́wọ́, pé bí èyí bá tán, á gbé òmíràn wá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ó ti kú lóòótọ́."

Ó wá bú sẹ́kún. Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí wá, ó sun ún lórí àga yẹn, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì rẹ̀, èmi náà sì kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ọtí ni."

"Ṣé o rò pé imú mi ti kú ni?" Ó ṣì ń sunkún o. "Láti ṣíbí àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mo sọ fún Olúwa pé kó bá mi fojú fo èyí."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tún di ẹkún. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ pé kì í ṣe àgbo ẹsẹ̀, pé ìsinmi mi ló ṣe é fún, pé ó ní kí n má ṣí i, pé bí òun bá dé, a ó jọ mu ún. Ìyá dìde, ó lọ síbi fíríìjì, ó gbé ìgò àkọ́kọ́ jáde. Èyí tó kù níjọ́sí ló ṣì wà níbẹ̀, kò dín.

"Mi ò lè mu ún tán," ó ní. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó dà á sínú kọ́ọ̀bù méjì, díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ewé dúdú kan já bọ́ sínú tèmi. Ó na kọ́ọ̀bù náà sí mi.

"Ìyá, ó ní kí n dúró de òun."

"Mu ún, ọmọ mi," ó ní. "Kò ní dé mọ́."

Mo mu ún. Ó kan, ó korò, ó sì ń rùn bíi koríko tó ti rà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi ṣe sọ fún mi pé yóò rí.